Ilé ọmọ ẹja àti odò wa



Ọ̀rọ̀ ẹja la fẹ́ sọ lónìí. Àárín òkè là ń gbé, ṣùgbọ́n omi tó ń ṣàn kúrò ní òkè Ìdáàṣà ń lọ sí odò Zou àti odò Wẹ̀mẹ̀. Ohun tí a bá dà sínú omi níhìn-ín, ẹja ìsàlẹ̀ odò ni yóò mu ún.

Bí irú ẹja kan bá ń tán lọ nínú odò, ṣé a lè mú un padà? Ọ̀nà kan wà. Ilé ọmọ ẹja ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹyin ẹja, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi di ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká wo àrọ̀. Àrọ̀ kò tíì fẹ́ tán, ṣùgbọ́n lára rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń sin ín ní ibi ìkọ́ṣẹ́ Songhai tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1985. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mú àrọ̀ bímọ: wọ́n á mú abo tí ẹyin kún inú rẹ̀, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 10 sí 12, wọ́n á rọra tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin á sì tú sínú abọ́. Wọ́n á da àtọ̀ akọ sí i, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á bu omi mímọ́ sí i. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bí ọjọ́ kan, ọmọ ti ń jáde. Nínú odò, kòkòrò omi àti ẹja mìíràn ìbá ti jẹ púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ gbọ́ ti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ẹja kan wà ní adágún Victoria, ningu ni wọ́n ń pè é. Nígbà òjò, ó máa ń gòkè wọ odò lọ yé ẹyin. Àwọn apẹja ta àwọ̀n dí ẹnu odò. Abo tó lóyún ni wọ́n ń kó. Ningu sì di ọ̀wọ́n. Ní 2004, àwọn onímọ̀ tẹ ìwé jáde tó sọ bí wọ́n ṣe mú ningu yé ẹyin lábẹ́ ìtọ́jú ènìyàn, tí ọmọ sì jáde.

Ṣé ó parí síbẹ̀? Rárá o. Bí àwọ̀n bá ṣì dí ẹnu odò, omi inú kèrègbè tó jò ni à ń pọn. Ohun mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀.

Èkíní: odò tí a fẹ́ dá ọmọ ẹja sí ni ká ti mú ìyá àti bàbá rẹ̀. Kí wọ́n sì pọ̀, torí bí ọmọ ìyá kan náà bá ń bá ara wọn bímọ, irú wọn á rọ. Ẹ má kó ẹja àjèjì sínú odò.

Èkejì: ẹ má fi oògùn òwú pa ẹja, ẹ má fọ agolo rẹ̀ sínú odò. Májèlé ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ, ó sì ń dé inú ọbẹ̀ wa. Òfin ẹja pípa ti ilẹ̀ wa Bẹ̀nẹ̀, ti 2014, kọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta: nígbà tí omi bá kún, ẹ jẹ́ kí abo tó lóyún kọjá.

Ẹ rántí pé ilé ọmọ ẹja kò lè bí irú ẹja tí kò sí mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá pàdé, ẹ bi àwọn àgbà: ẹja wo ni wọ́n máa ń rí tẹ́lẹ̀, tí ó ti ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí? Ẹ ti mọ̀wé kọ. Ẹ kọ orúkọ ẹja náà sílẹ̀, ẹ kọ ibi tí ó kù sí, kí ẹ sì mú ìwé náà tọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹja lọ, nígbà tí ìyá àti bàbá ṣì wà nínú omi.