Kọ́kọ́rọ́ Kan fún Gbogbo Ilẹ̀kùn: Ta Ló Ni Ímeèlì Tí Iṣẹ́ Yín Fi Ń Wọlé?

Bóyá inú dánfó lẹ wà, bóyá ẹ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bóyá ẹ ń fọṣọ lọ́wọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kà á, ohun tí mo sọ lórí afẹ́fẹ́ nìyí. Ibi tí mo ti dúró kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ilé kejì nìkan ni mo yọ kúrò.

Ìtìjú ara wa ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àwa mẹ́ta dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, a ò ní owó, a ò ní ọ́fíìsì, láptọ́ọ̀pù méjì péré la ní. A nílò ibi tá a ó máa gbé ohùn wa sí, ibi tá a ó ti máa ṣe àwòrán ìpolówó, ibi táwọn oníbàárà á ti máa sanwó, àti ibi tá a ó kó ímeèlì àwọn tó ń gbọ́ wa sí. Ẹnì kan nínú wa ló forúkọ sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ló yá jù. Bó bá ti dé ìkànnì tuntun, kì í da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù. Á kàn tẹ bọ́tìnnì tó ní kó fi ímeèlì rẹ̀ wọlé, ó parí. Ímeèlì tirẹ̀ o, èyí tó ti ń lò láti yunifásítì.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀rẹ́ wa jápa, ó di Kánádà. A sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, a ya fọ́tò, a sunkún díẹ̀. Kò sí ìjà kankan láàárín wa. Ó débẹ̀, ó ra fóònù tuntun, ó ra síìmù tuntun. Fóònù àtijọ́ ti wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, àbúrò sì ti yọ síìmù ẹ̀gbọ́n kúrò, ó ti ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ wa fẹ́ ṣí ímeèlì yẹn lórí láptọ́ọ̀pù tuntun, ní orílẹ̀-èdè tuntun, wọ́n ní àwọn ò dá a mọ̀. Wọ́n ní àwọn máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà wo? Ti Nàìjíríà.

Ọjọ́ Ẹtì ni ètò wa máa ń jáde. Ọjọ́ Ẹtì yẹn, kò jáde. Èyí tó tẹ̀ lé e náà, kò jáde. Owó tí oníbàárà kan san ti wọ ibi tí àwa fúnra wa ò lè wọ̀. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni ìyá rẹ̀ tó rí síìmù náà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, láàárín bátìrì tó ti kú àti risíìtì àtijọ́. Mọ́mì, bí ẹ bá ń gbọ́ wa, ẹ ṣeun gan-an ni.

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ímeèlì náà, torí wọn ò jẹ̀bi. Wọn ò dá ẹni tó ń kanlẹ̀kùn mọ̀, wọn ò ṣí i. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Àwa la fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sínú àpò ẹnì kan, tá a sì gbàgbé pé ibẹ̀ ló wà.

Kí ni bọ́tìnnì yẹn ń ṣe gan-an?

Ọ̀pọ̀ yín rò pé tẹ́ ẹ bá tẹ "Continue with Google", Google ń fún ìkànnì yẹn ní páswọ́ọ̀dù yín ni. Rárá o.

Ká sọ pé ẹ fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ yín nínú ẹ́sítéètì kan ní Lekki. Mẹ́gáàdì tó wà lẹ́nu géètì ò rí yín rí. Kò ní gba kọ́kọ́rọ́ ilé yín. Ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ wá rí, kó fún yín ní kóòdù." Ẹ ó pe ọ̀rẹ́ yín. Òun ló mọ ohùn yín, òun ló mọ̀ pé ẹ̀yin ni lóòótọ́. Á fi kóòdù ránṣẹ́. Kóòdù yẹn, géètì yìí nìkan ló lè ṣí, òní nìkan ló sì wúlò fún. Tó bá di ọ̀la, ó ti kú. Mẹ́gáàdì á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní kẹ́ ẹ wọlé.

Bó ṣe rí nìyẹn. Ìkànnì tẹ́ ẹ fẹ́ lò ni mẹ́gáàdì. Google, Facebook, Apple tàbí Microsoft ni ọ̀rẹ́ tó mọ̀ yín. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ yẹn nìkan lẹ ti ń tẹ páswọ́ọ̀dù. Ohun tó ń dé ọwọ́ ìkànnì ni tókìn, tó ń sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ìkànnì tí wọ́n ṣe é fún, àti ìgbà tó máa kú.

Facebook gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 2008, wọ́n pè é ní Facebook Connect. Lọ́dún 2012, ìlànà OAuth 2.0 jáde. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jẹ́ kí áàpù kan gba àyè láti lo nǹkan yín láìgba páswọ́ọ̀dù yín. Lọ́dún 2014, wọ́n kọ́ OpenID Connect lé e lórí, òun ló ń dáhùn ìbéèrè pé "ta nìyí?" Apple náà kéde tirẹ̀ lọ́dún 2019, ó sì fi kún un pé ẹ lè fi ímeèlì yín pa mọ́: Apple á ṣe àdírẹ́sì mìíràn fún yín, á máa darí ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín.

Ẹ má da ìbéèrè méjèèjì pọ̀ o. "Ta nìyí?" yàtọ̀ sí "kí ni mo lè mú?" Áàpù tó fẹ́ mọ orúkọ àti ímeèlì yín, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n áàpù tó ń tún fọ́tò ṣe, tó wá ń béèrè pé òun fẹ́ ka ímeèlì yín àti nọ́ńbà gbogbo ẹbí yín, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Cambridge Analytica. Nǹkan bí 270,000 èèyàn ló fi Facebook wọ áàpù ìdánwò kan. Nígbà tí àṣírí tú lọ́dún 2018, Facebook sọ pé àwọn tí dátà wọn lè ti lọ tó mílíọ̀nù 87, torí áàpù náà kó ti àwọn ọ̀rẹ́ wọn mọ́ ọn. Àwọn ọ̀rẹ́ yẹn ò tẹ bọ́tìnnì kankan.

Ṣé ká má lò ó mọ́ ni?

Rárá. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Kí ni àyípadà rẹ̀? Páswọ́ọ̀dù kan náà níbi gbogbo: orúkọ yín àti ọdún tí wọ́n bí yín, tẹ́ ẹ wá fi àmì ìyanu parí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí olè bá wọ ìkànnì kékeré kan tẹ́ ẹ ti ra bàtà lẹ́ẹ̀kan, ó ti rí páswọ́ọ̀dù ímeèlì yín nìyẹn, torí ọ̀kan náà ni. Tó bá jẹ́ bọ́tìnnì lẹ tẹ̀, kò sí páswọ́ọ̀dù yín lọ́dọ̀ ìkànnì náà tí wọ́n máa jí.

Àmọ́ ẹni tó bá fi gbogbo ẹrù kọ́ èèkàn kan, kó mọ̀ pé tí èèkàn bá já, gbogbo ẹrù ló ń bọ̀ nílẹ̀. Ní September 2018, Facebook kéde pé àwọn kan ti rí ọ̀nà jí tókìn àwọn oníṣe wọn. Mílíọ̀nù 50 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n wá sọ nígbà tó yá pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 ni wọ́n jí lóòótọ́. Facebook ní àwọn ò rí àmì pé wọ́n fi wọ àwọn áàpù mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn ló kọ́kọ́ ba gbogbo èèyàn. Ní 4 October 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá ti ń fi Facebook wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ dúró síta.

Ti ilé wa ńkọ́? Ní June 2021, ìjọba àpapọ̀ dá Twitter dúró ní Nàìjíríà, kò sì padà títí di January 2022. Ẹni tó bá fi Twitter forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn, ojú ewé Twitter ni bọ́tìnnì yẹn máa gbé e lọ. Tí ojú ewé yẹn ò bá ṣí, ilẹ̀kùn kejì náà ò ní ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fòfin de ilẹ̀kùn kejì.

Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe ń ṣe é

Ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Bí wọ́n bá dé láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa wọlé, ímeèlì ṣí, ìwé owó oṣù ṣí, ibi tí wọ́n ti ń tọrọ ìsinmi ṣí. Single sign-on ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ó pẹ́ o: SAML 2.0, ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣì ń lò fún un, ti jáde láti 2005.

Tẹ́ ẹ bá wò ó, ó jọ bọ́tìnnì tiwa. Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ló yàtọ̀. Níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló ni àkáǹtì, òṣìṣẹ́ kàn ń lò ó ni. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá lọ, alákòóso á ti àkáǹtì kan ṣoṣo, gbogbo ilẹ̀kùn á sì tì. Kódà, ó yẹ kí wọ́n ṣì yẹ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò, torí áàpù kan lè fi ẹni tó ti wà nínú ilé sílẹ̀ títí tókìn rẹ̀ á fi kú.

Ìṣòro tiwa ni owó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta áàpù iṣẹ́ ló fi single sign-on sínú ìpele tó wọ́n jù, dọ́là sì ni wọ́n ń gbà. Ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta ò lè san án. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí àwa ṣe nìyí.

Àkọ́kọ́, a ra orúkọ ìkànnì tiwa, a sì ṣe ímeèlì iṣẹ́ fún oníkálukú lórí rẹ̀. Bọ́tìnnì kan náà là ń tẹ̀, àmọ́ ímeèlì iṣẹ́ là ń fi tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ti ara wa.

Èkejì, kò sí áàpù kankan tí alákòóso rẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Èèyàn méjì ni, ó kéré tán.

Ẹ̀kẹta, a tẹ kóòdù ìpamọ́ jáde sórí bébà. Google máa ń fún yín ní mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀ẹ̀kan péré, fún ọjọ́ tí fóònù bá sọnù. Inú àpótí ló wà, kò sí lórí fóònù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ ẹni tó ya fọ́tò tirẹ̀ sínú fóònù kan náà.

Ẹ̀kẹrin, a kọ ọjọ́ tí orúkọ ìkànnì wa máa parí sílẹ̀, èèyàn méjì ló sì ń ṣọ́ ọ. Ìdí? Ní January 2025, Truffle Security fi hàn pé téèyàn bá ra orúkọ ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá sílé, ó lè tún ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ dá lórí rẹ̀, kó sì fi bọ́tìnnì Google wọ àwọn áàpù tí wọ́n ti ń lò, bíi Slack àti Zoom. Mẹ́gáàdì ń wo orúkọ. Kò mọ̀ pé ilé ti yí ọwọ́ padà.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ ṣí àkáǹtì Google yín, ẹ lọ síbi ààbò, ẹ wá orúkọ gbogbo áàpù tẹ́ ẹ ti fún láyè. Ti Facebook náà wà níbi ètò rẹ̀, lábẹ́ áàpù àti ìkànnì. Èmi rí áàpù tó ń sọ bí ojú mi ṣe máa rí tí mo bá darúgbó. Ọdún mélòó nìyẹn! Ẹ yọ èyí tẹ́ ẹ ò lò mọ́. Ẹ tún wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ tiyín, torí nọ́ńbà téèyàn pa tì, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn.

Tó bá di ọ̀la níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù, nínú ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń ṣe nǹkan, ẹ béèrè ìbéèrè kan: "Tí ẹnì kan nínú wa ò bá lè wá mọ́, ibo la ò ní lè wọ̀?"

Mo mọ̀ pé ó máa ń nira láti béèrè. Ó máa ń dà bíi pé ẹ ò fọkàn tán ara yín. Àwa náà ò béèrè, torí ọ̀rẹ́ ni wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí síìmù yẹn di rírí. Fún oṣù méjì gbáko, ìgbàkigbà tá a bá fẹ́ wọ ibì kan, a ní láti pè é. Aago méje àárọ̀ wa, aago méjì òru tirẹ̀ ni. Á fi ohùn oorun ka kóòdù fún wa, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," á padà sùn. Lọ́jọ́ tá a kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí ímeèlì rẹ̀, mo rò pé inú máa bí i. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ti sọ ẹrù yẹn kúrò lórí mi."

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe áàpù iṣẹ́ yín. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ máa ń yá jù yẹn ni. Ó dìgbà o.