Onílù Kan pẹ̀lú Ẹ̀rọ: Ta Ni Ìyáàlù?



Ọ̀rọ̀ mi lónìí jẹ mọ́ irú orin kan tí ó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní minimalism. Èròjà inú rẹ̀ kì í pọ̀. Ìró díẹ̀ ni wọn yóò mú, wọn yóò máa tún un ṣe léraléra, ìyípadà yóò sì máa yọ́ wọlé títí etí yóò fi mọ̀ pé ibi tí a wà kọ́ ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, bí a bá gba irú orin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí a gbé e fún onílù kan ṣoṣo àti ẹ̀rọ, ta ni ó ń darí?

Iṣẹ́ Steve Reich ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1965, ó ń fi téèpù méjì tí ohùn oníwàásù kan náà wà lórí wọn dánra wò. Eré àwọn ẹ̀rọ náà kò dọ́gba, ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èkejì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àléébù ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n ó rí orin nínú rẹ̀. Ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn lè ṣe ohun tí ẹ̀rọ ṣe. Ó fi dùùrù tẹ ìró 12 kan, tí ohùn 5 péré wà nínú rẹ̀, ó gbà á sílẹ̀. Ó jókòó, ó ń tẹ ohun kan náà lé téèpù, ó ń yára díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fi ìró kan ṣíwájú. Lẹ́yìn èyí ni òun àti Arthur Murphy tó fi dùùrù méjì ṣe é láìsí téèpù. Piano Phase ti ọdún 1967 nìyẹn. Nítorí náà, àwọn tí ń ráhùn pé ẹnìkan pẹ̀lú ẹ̀rọ ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ti gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe bí i.

(Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè ibi tí Áfíríkà wà. Ní ọdún 1970, Reich lọ sí Legon ní Gánà, ó kọ́ ìlù àwọn Ewe lọ́dọ̀ Gideon Alorwoyie kí ibà tó lé e padà sílé. Drumming ti ọdún 1971 tẹ̀ lé e. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ìrìn àjò náà fi ìdí ohun tí òun ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ múlẹ̀ ni.)

Ní ọdún 1987, Reich ṣe Electric Counterpoint fún Pat Metheny, tí ó kọ́kọ́ gba gìtá 10 àti gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ 2 sílẹ̀ lórí téèpù, tí ó sì wá ta èyí tí ó kù lójú àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2011, Kuniko Kato, onílù ará Japan, gbé àwo kan jáde tí ó ti fi marimba, vibraphone àti ìlù onípáànù ti Trinidad rọ́pò àwọn gìtá náà. Iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ju kí a kàn pààrọ̀ ohun èlò lọ. Igi ni marimba. Ìró rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Irin ni vibraphone. Ìró rẹ̀ a máa falẹ̀ àfi bí a bá pa á. Ẹni tí ń ṣe àtúntò ní láti mọ ìró tí ó yẹ kí ó kú àti èyí tí ó yẹ kí ó dúró. Nínú àwo kan náà ni ó ti fi vibraphone ṣe Vermont Counterpoint, tí a kọ fún fèrè ní ọdún 1982. Fèrè ń mí, irin kì í mí. Ṣùgbọ́n ojú ìró irin mú ju ti fèrè lọ, bí àwọn ìró náà sì ṣe ń wọ inú ara wọn hàn kedere sí i. Ní ti èmi, èrè ibẹ̀ ju àdánù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè mi. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, omele a máa tún ọ̀rọ̀ kan náà wí, ìyáàlù a sì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Bí ìyáàlù bá yí padà, àwọn ìyókù gbọ́, wọn a sì tẹ̀ lé e. Omele inú téèpù dití. Nínú ìwé Piano Phase, àwọn méjèèjì ni ó ń pinnu iye ìgbà tí wọn yóò tún nǹkan ṣe, láàárín iye tí a là sílẹ̀ fún wọn. Bí ọ̀kan bá wà lórí téèpù, a ti mọ ìgbà tí yóò parí kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ṣe é, kò sí ìgbà tí mo yára tí òun náà kò yára tẹ̀ lé mi láìmọ̀. Àwa méjèèjì a sì dàrú. Téèpù kò sá tẹ̀ lé mi. Ó rọrùn fún mi láti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ mi yẹ̀, kò dúró dè mí. Mo dá ọwọ́ dúró, mo ń gbọ́ ara mi tí ń lù lọ láìsí mi.

Níbẹ̀ ni ó ti yé mi pé ìyáàlù iṣẹ́ yìí ni ẹni tí mo jẹ́ ní ọjọ́ tí mo gba ohùn sílẹ̀. Ohun tí ó pinnu lọ́jọ́ náà ni mo ń ṣe ìgbọràn sí. Láti ìgbà náà, n kì í gba ìró kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n wá fi ẹ̀rọ tún un ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún. Mo ń lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ọwọ́ tí ó ń rẹ̀ mí, kí ẹni tí yóò bá a ṣeré lè bá ènìyàn níbẹ̀.

Irú téèpù bẹ́ẹ̀ méjì ni mo mú wá, ọ̀kan tí ẹ̀rọ tún ṣe, ọ̀kan tí mo lù tán. N kò ní sọ èwo ni èwo. Ẹ dákun, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, kí a gbọ́ ti àkọ́kọ́.