Tẹlifíṣọ̀n Ńlá àti Owó Ẹ̀yáwó
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Fádèyí)

Láti 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti wọ ilé wa. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ wa ń fẹ́ yá owó ra èyí tó fẹ̀, tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Kò burú. Ṣùgbọ́n láìsí dátà, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ yóò mu epo. Bí ti àtijọ́ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, dikódà lè mú un gba ètò dijítà tó dé Èkó ní 2021. Ẹ jẹ́ kí owó ilé-ìwé ọmọ àti owó ọjà ṣíwájú. Alájẹṣẹ́kù là ń jẹ́: ohun tí a bá jẹ ṣẹ́kù ni kí a fi ra tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe gbèsè.