Ibi Tí Jíìpù Lè Fì Dé Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè



Ìlú Graz, ní ilẹ̀ Austria, ni wọ́n ti ń ṣe jíìpù Mercedes G-Class láti ọdún 1979. Nígbà tí irú tuntun rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, wọ́n ní ó lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó dígírì 35 láìṣubú. 28 ni ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi dígírì méje yẹn yangàn, ó sì tọ́ sí wọn.

Kí ló ń mú jíìpù dúró? Ohun méjì ni: bí táyà ọ̀tún ṣe jìnnà sí tòsì tó, àti bí ibi tí ìwúwo ọkọ̀ péjọ sí ṣe ga kúrò nílẹ̀ tó. Ẹ mú ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ fi mítà 1.5 jìnnà síra, tí ibi ìwúwo rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 75. Ẹ dá mítà 1.5 sí méjì, ẹ fi gíga yẹn pín in, 1 ni ẹ ó rí. Lórí ìwé, 1 yẹn já sí pé ó di ìgbà tó bá kọjá dígírì 45 kí ó tó dojú dé. Ìṣirò yìí ni àjọ NHTSA tó ń mójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà fi ń mọ ọkọ̀ tó lè tètè gbókìtì.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ orí ìwé kò ní sìpíríìngì, táyà rẹ̀ kì í tẹ̀. Tiwa, bó bá ti fì, gbogbo ara rẹ̀ á rọ̀ sápá ìsàlẹ̀. Ẹ tún wá di ẹrù kílò 200 sórí òrùlé ọkọ̀ tó wúwo tó kílò 2,000: dígírì 45 yẹn á já sí nǹkan bíi 41 kó tó ṣí rárá.

Ilẹ̀ tí kò tẹ́jú ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ká ní ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ fi mítà 1.5 jìnnà síra yẹn ń lọ jẹ́ẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dígírì 25. Táyà apá òkè gun ebè tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi dígírì mẹ́fà kún un. Tápá ìsàlẹ̀ náà bá bọ́ sínú ipa tí táyà tírélà ti gbẹ́ jìn bákan náà, ọkọ̀ ti dé nǹkan bíi 36, òkè ò sì yí padà. Bó bá ń sáré, bó ṣe fò lórí ebè yẹn á tún tì í síwájú sí i.

Lórí òkè Schöckl tó wà nítòsí Graz, níbi tí wọ́n ti ń dán G-Class wò, ibi tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù jẹ́ 40 nínú 100: mítà 100 ní gbọọrọ, mítà 40 ní gíga. Ìyẹn kì í ṣe dígírì 40 o, nǹkan bíi 22 ni. Lójú tèmi, dírẹ́bà tó bá rí ohun tó ju dígírì 20 lọ, kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn ín já.

Bí ọkọ̀ bá wá ń yọ̀, tàbí táyà òkè ń fúyẹ́, ẹ yí sítíárì sí ìsàlẹ̀ kíákíá, kí imú ọkọ̀ kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ má ṣe yí i sókè. Èrò tó bá sì fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn apá òkè ni kó gbà. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sápá ìsàlẹ̀ ọkọ̀.