Ìgbàgbọ́ Kì Í Ṣe Ogún

A mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa. Ọ̀rọ̀ àwa Kristẹni ni ó kàn lónìí, ẹ bá wa fetí sí i.

Ní ìlú àjò, ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti ń gbọ́ èdè wa, tí a sì ti ń rí ará ilé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ń bi wá pé: "Ṣé torí pé a jẹ́ Yorùbá ni a ṣe ń lọ?" Bí a kò bá dá wọn lóhùn, ọjọ́ tí wọ́n bá kúrò nílé wa ni wọn yóò kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jẹ́ kí a wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì dé Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀, láìsí bàbá tàbí ìyá tí yóò fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó gbà á gbọ́, ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ní 1843, ó di àlùfáà.

Ní 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ìyá àlùfáà ni, ṣùgbọ́n oyè ọmọ kò sọ ìyá di Kristẹni. Màmá náà gba ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún un ní 1848, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Pọ́ọ̀lù yin ìgbàgbọ́ ìyá Tímótì àti ti ìyá ìyá rẹ̀, síbẹ̀ ó gba Tímótì fúnra rẹ̀ níyànjú pé kí ó má jẹ́ kí iná tirẹ̀ kú. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, àwọn àgbà a sì fèsì fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá dàgbà, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi dáhùn kí bíṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé e lórí. A kì í bá ẹlòmíràn jẹun kí ó yó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bi wá ní ìbéèrè nílé, kí a sì sọ ohun tí àwa gan-an gbàgbọ́ fún wọn. Kí wọ́n rí i lọ́wọ́ wa pẹ̀lú, nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń ṣàìsàn, tàbí tí opó kò bá rí owó ilé ìwé ọmọ san.

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ wọn.