Àpótí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tí Wọ́n Ní Ó Ń Pa Owó



Ọ̀rọ̀ àpótí kékeré kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ra àpótí yìí, tí ó gbé e sí ojú fèrèsé tàbí sí orí òrùlé, yóò máa pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún àdúgbò. Wọ́n ní owó tí à ń pè ní kírípítò yóò sì máa wọlé fún un, ì báà sùn, ì báà jí. Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ṣé kí a fi owó èsúsú wa rà á? Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Gbogbo wa ni a mọ àáró. Lágbájá bá Tàmẹ̀dù ro oko lónìí, Tàmẹ̀dù yóò bá Lágbájá ro tirẹ̀ lọ́la. Àwọn tí ó dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí sílẹ̀ rò ó báyìí pé: owó rẹpẹtẹ ni ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń ná kí ó tó gbé òpó kan ró. Kí ló dé tí àwọn ará àdúgbò kò fi lè gbé àpótí kéékèèké sí ilé wọn, kí gbogbo rẹ̀ para pọ̀ di nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Helium. Ìlú Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2019. Àpótí náà ní ẹ́ríà bíi ti rédíò. Ó ń jẹ iná mànàmáná, ó sì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì onílé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe èyí tí a fi ń pe ara wa o. Ti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ni: ẹ̀rọ tí ń sọ iye omi tí ó kù nínú táńkì, ẹ̀rọ tí ń wò ó bóyá ilẹ̀ oko ti gbẹ, ẹ̀rọ tí ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ni yóò san owó. Ẹni tí ó gbé àpótí sílé ni yóò gba èrè, ní kírípítò tí wọ́n ń pè ní HNT.

Kí ni kírípítò yìí? Owó tí a kò lè fi ọwọ́ mú ni. Inú kọ̀ǹpútà ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Iye tí ẹni tí ń ra HNT bá fẹ́ san, iye náà ni ó jẹ́. Ó dà bí ẹja lọ́jà Ẹ̀pẹ́: bí èrò bá pọ̀, ó wọ́n; bí a kò bá rí ẹni rà á, ó di ọ̀pọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Àwọn ènìyàn sáré ra àpótí náà, òmíràn tó nǹkan bí dọ́là 500. Kí ọdún 2022 tó parí, àpótí tí ó wà káàkiri ayé ti ju 900,000 lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, HNT kan ju dọ́là 50 lọ. Nígbà tí ọdún 2022 ń parí, kò tó dọ́là 3 mọ́.

Ẹ mú gègé yín. Ká ní àpótí ẹnì kan ń mú HNT 2 wá lóṣù:

2 × 50 = dọ́là 100
2 × 3 = dọ́là 6

Àpótí kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni. Kí ló fà á? Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ kírípítò ni ó wálẹ̀ lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà. Àpótí pọ̀, oníbàárà kò tó nǹkan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú èrè tí wọ́n ń pín kì í ṣe owó oníbàárà. HNT tuntun ni, àwọn tí wọ́n rò pé yóò wọ́n sí i ni wọ́n sì ń rà á. Ẹni tí ó tètè dé jẹun yó. Ẹni tí ó dé kẹ́yìn bá abọ́ òfìfo.

A kò sọ pé olè ni wọ́n. Iṣẹ́ náà kò kú. Ní ọdún 2023 wọ́n fi ti fóònù kún un ní Amẹ́ríkà. Ohun tí à ń sọ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò ní oníbàárà, ọjà tí kò ní èrò ni.

Ẹ gbọ́ ti ilẹ̀ wa náà. Ní Kafanchan, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ẹgbẹ́ Fantsuam Foundation dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlówáyà sílẹ̀ fún ará ìlú ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Zittnet ni wọ́n pè é. Kò sí ti kírípítò níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń lò ó ń san owó. Iná oòrùn ni wọ́n wá fi ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́, torí iná ìjọba kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ìnáwó ibẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń tajà fún.

Ìbéèrè mẹ́rin

Bí ẹnì kan bá gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ wá bá yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin.

1. Ta ni yóò ra nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ní àdúgbò wa? Kí ó tọ́ka sí wọn.

2. Èló ni yóò kù lẹ́yìn ìnáwó? Ká ní àpótí jẹ́ ₦600,000, tí ó ń mú ₦10,000 wá lóṣù. Ká ní iná àti dátà ń jẹ ₦7,000. Ó ku ₦3,000. Ẹ fi 3,000 pín 600,000: oṣù 200 ni. Ó ju ọdún 16 lọ kí owó ọjà tó padà sápò!

3. Kí ni òfin wí? Ní oṣù kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì má ṣe bá oníkírípítò dòwò pọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ó dẹ okùn náà. Òfin ọdún 2025 wá fi irú owó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní SEC. Ẹ béèrè bóyá SEC mọ̀ wọ́n, àti bóyá NCC fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà.

4. Bí a kò bá mú ẹni tuntun wá, ṣé owó yóò ṣì máa wọlé? Bí ó bá ní rárá, ẹ dìde. A rí MMM ní oṣù kejìlá ọdún 2016. A tún rí CBEX ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Owó ọjà ẹlòmíràn ni ó bá a lọ.

Ẹ má ṣe gba ìdáhùn ẹnu lásán. Ẹ ní kí ó kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹ kà á, ẹ tún un kà, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ẹ tó mú un dé iwájú ẹgbẹ́. Owó èsúsú kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó ẹlẹ́ja wà níbẹ̀, owó aránṣọ wà níbẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ wà níbẹ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìwé tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kà, ojú kan náà ni. Ẹ lò ó.