Ọwọ́ Tí Ń Dá Wíńṣì Dúró: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Jáde

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gba ìwé ẹ̀rí lónìí, ẹ kú oríire, ẹ kú ìforítì. Oòrùn pa yín nínú kòtò, òjò pa yín nínú kòtò, gíríìsì wọ èékánná yín títí kò ṣeé fọ̀ mọ́, ẹ ò sì sá. Ẹ ti di oníṣẹ́.

Mo rí àwọn ìyá tó jókòó níwájú níbí. Inú wọn dùn, àyà wọn sì ń já, nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ iná mànàmáná ni ọmọ wọn ń lọ ṣe. Kò sẹ́ni tí kì í bẹ̀rù iná, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣáájú iná ló máa ń bà mí lẹ́rù jù. Kébù tí a ń fà wọ inú ilẹ̀ kò tíì ní iná nínú, nítorí náà ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ a balẹ̀ jù. Wọn a máa ṣeré, wọn a máa ré okùn tí wíńṣì fi ń fa kébù kọjá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ okùn yẹn lè wà lábẹ́ agbára tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Tó bá já, kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó láti sá fún un. Ìdí nìyẹn tí màá fi lo àkókò tí ẹ fún mi lórí wíńṣì, ẹ̀rọ tó ń fa okùn náà, nìkan.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí. Fífà kò ṣòro. Ọmọdé tó bá mọ ọ̀pá tó yẹ kó tì lè mú wíńṣì fà. Ìgbà tó bá yẹ kí ẹ̀rọ dúró la tó ń mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́.

Okùn fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún wa pé ká dúró. Kí ayé tó ní okùn onírin, ṣéènì ni wọ́n fi ń gbé ẹrù jáde nínú ihò ìwakùsà jíjìn ní ilẹ̀ Jámánì. Àléébù ṣéènì ni pé bí ojú kan ṣoṣo bá já, gbogbo rẹ̀ ti já nìyẹn, kì í sì í sábà fi àmì hàn tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Wilhelm Albert, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà lẹ́ka ìwakùsà ní Clausthal, lágbègbè òkè Harz, ronú sí ọ̀rọ̀ náà títí. Ní 1834, ó lọ́ wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ra, ó sọ wọ́n di okùn. Bí wáyà kan bá já lára irú okùn bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù ṣì ń gbé ẹrù, orí èyí tó já a sì yọ síta fún ẹni tó bá wò ó. Látìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe okùn yìí ló ti ń kìlọ̀ fún èèyàn. Àwa ló kù kí a máa wò ó.

Bí a ṣe ń wò ó rèé, ẹ má jẹ́ kó sú yín láti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ẹ́ńjìnnì ti kú, kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò yín, kí okùn dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ, ẹ fi àkísà di okùn mú, kí ẹ máa fà á lọ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí àkísà bá ti kọ́, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ nu ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, kí ẹ ka wáyà tó já. Ẹ mọ̀ pé fọ́nrán ńláńlá ló lọ́ yí ara wọn ká nínú okùn. Gígùn tí fọ́nrán kan fi yí okùn ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ka wáyà mẹ́fà tó já láàárín gígùn yẹn, tàbí mẹ́ta nínú fọ́nrán kan ṣoṣo, okùn náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìlànà ààbò tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ló fi ààlà síbẹ̀, èmi náà sì fara mọ́ ọn. Okùn tó ti ká kò, tó ti fẹ̀ lójú kan, tàbí tó ti dógùn-ún wọnú, ìdájọ́ kan náà ni tirẹ̀. Tí ẹ bá sì ti yọ okùn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gé e sí kéékèèké. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ ní odidi lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù, ẹnì kan á lọ gbé e padà sórí wíńṣì lọ́jọ́ tí ẹ kò sí níbẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ nílẹ̀ wa ló jẹ́ pé ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń dà sórí okùn, wọ́n rò pé ohun tó bá ṣáà ti ń yọ̀ náà ni. Ọ́ìlì yẹn ti gbó. Ẹ̀rún irin àti ásíìdì tó ti kó jọ nínú ẹ́ńjìnnì ló kún inú rẹ̀, okùn ló sì máa jẹ. Ọ̀rá tí wọ́n dìídì ṣe fún okùn onírin, tó máa wọ inú rẹ̀ lọ, ni kí ẹ béèrè fún, torí inú lọ́hùn-ún tí ojú kò tó ni okùn ti sábà máa ń dógùn-ún. Tí ọ̀gá bá ní owó rẹ̀ pọ̀, ẹ bá a ṣírò iye tí wọ́n ń ta okùn tuntun.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìṣirò tí ẹ fi ń sá fún mi ní kíláàsì. Bí a bá de irin mọ́ orí kébù fúnra rẹ̀ láti fi fà á, 1 mm² bàbà gba 50 newton, 1 mm² alumíníọ̀mù gba 30 péré. Ẹ wá mú kébù olókùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 240 mm². Bàbà rẹ̀ á gba 36 kilonewton, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ lọ díẹ̀. Alumíníọ̀mù rẹ̀ kò gbà ju 21.6 lọ. Lójú ẹni tó wà nídìí wíńṣì, awọ dúdú kan náà ló bo méjèèjì, wíńṣì tọ́ọ̀nù márùn-ún sì lè ba méjèèjì jẹ́ láìmí kanlẹ̀. Ẹ̀yin tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti gbà síṣẹ́, tiyín tún gbẹgẹ́ ju èyí lọ: púpọ̀ nínú kébù fáíbà tí à ń rì mọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí ju 2,700 newton. Nítorí náà, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ ka ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kébù kọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ààlà náà sórí géèjì tó lè pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kébù tó nà jù kì í pariwo. Ó lè lo oṣù díẹ̀ nínú ilẹ̀ kó tó bẹ́, ilé ìwòsàn tàbí ilé onílé ni yóò sì wà nínú òkùnkùn, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n fà á ló ti bàjẹ́.

Mo ti rí ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ yìí. A ń fa kébù bàbà kọjá abẹ́ títì, ó dúró ti géèjì, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí kébù ti ń wọ páìpù, bó ṣe yẹ kó rí: 12, 13, 14. Lẹ́ẹ̀kan náà ó fò dé 19. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Kọngílá sáré dé, ó ní kí ló dé, ṣebí 36 ni ààlà wa. Ọkùnrin náà dáhùn pé, “Ọ̀gá, bó ṣe ń gòkè bọ̀ kọ́ nìyí.” A rìn lọ sí ẹnu páìpù. Rólà kan tí kébù ń gba orí rẹ̀ kọjá ti dojú dé, kébù ti bọ́ sórí ètè páìpù tó fọ́, ètè náà sì ti bó awọ rẹ̀ tó bí àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìyókù kébù tó wà lórí dúrọ́ọ̀mù ìbá gba ibẹ̀ kọjá, ìbá sì bó tán látòkèdélẹ̀. A gbé rólà dìde, a tún ojú tó bó ṣe, a bo ètè páìpù, a sì parí iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ rí i pé ààlà nìkan kò tó. Kí nọ́ńbà fò lójijì náà jẹ́ àṣẹ láti dúró, bó ti wù kí ààlà jìnnà tó.

Kọ́nà ni ohun kejì tó ń pa kébù. Nínú páìpù gbígbẹ tó ń ha kébù gan-an, kọ́nà kan tó ṣẹ́ ní 90 dígírì lè sọ agbára tó wọ inú rẹ̀ di ìlọ́po méjì ó lé. Tí ọ̀nà yín bá ní kọ́nà kan ṣoṣo, tó sún mọ́ ìpẹ̀kun kan, ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù kébù síbẹ̀, kí wíńṣì wà lódìkejì. Ẹ wò ó: agbára kilonewton 1 péré ló máa wọ kọ́nà, yóò di 2 ó lé, ọ̀nà gbọọrọ tó kù yóò fi 11 kún un, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 13. Tí ẹ bá yí i padà, 11 ló máa wọ kọ́nà, yóò jáde ní 24, ẹ ó sì parí sí 25. Kébù kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni. Ibi tí ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sí ló fa ìyàtọ̀. Ọ̀rá kébù tún máa ń dín in kù gan-an, àmọ́ kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún kébù. Ẹ má fi gíríìsì ọkọ̀ ra awọ kébù láé, ó lè bà á jẹ́.

Ẹ rántí púlì tí a fi ń yí ọ̀nà okùn padà náà. Tí wíńṣì bá ń fa tọ́ọ̀nù mẹ́ta, tí okùn sì yí lára púlì padà sẹ́yìn pátápátá, tọ́ọ̀nù mẹ́fà ló wà lára ohun tí ẹ so púlì mọ́. Òpó onígi tí ikán ti jẹ ìdí rẹ̀ kò lè gbé e, ọmọ ènìyàn sì ni òpó náà máa wó lù. Ẹ kan irin mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ so ẹ̀rọ rọ̀ mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sí àárín igun tí okùn ṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni púlì máa fò sí. Okùn náílọ́ọ̀nù kò sàn jù: ó máa ń nà, tó bá sì já, bí okùn kànnàkànnà ló ṣe ń padà wá. Yálà ti irin ni tàbí ti náílọ́ọ̀nù, ẹ kúrò ní ọ̀gangan rẹ̀.

Àwọn ohun kéékèèké yòókù, ẹ ti mọ̀ wọ́n: kí okùn má dín sí ìyípo márùn-ún lórí dúrọ́ọ̀mù wíńṣì, kí swivel tó ń yí wà láàárín okùn àti ìbọ̀sẹ̀ onírin tó di orí kébù mú, kí ẹ tún nọ́ọ̀tù kílíìpù mú le lẹ́yìn tí ẹrù àkọ́kọ́ bá ti fà á. Ẹ yọ òrùka, ẹ yọ káàdì ọrùn. Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kan okùn tó ń yí, ẹsẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ tì í.

Títì ni ibi iṣẹ́ wa. Ọlọ́kadà máa kọjá, ìyá tó ru igbá ẹ̀kọ máa kọjá, àwọn ọmọ ilé ìwé máa fẹ́ fo okùn ṣeré. Ẹ fi ènìyàn méjì tó ní àsíá síbẹ̀, ẹ dá ẹ̀rọ dúró nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá wọ ibi tí ẹ ti ń fà, ẹ má sì jágbe mọ́ wọn. Àwọn ló ni àdúgbò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní àṣẹ láti ní kí ẹ fà. Àmọ́ tó bá kan “Dúró!”, ẹnikẹ́ni ló lè sọ ọ́, títí kan ọmọ tó ń ta omi. Ẹ dúró ná, kí ẹ tó béèrè ìdí. Tí wọkí-tọkí bá sì dákẹ́, tí ẹ kò gbọ́ ohùn ẹni tó wà lódìkejì mọ́, àṣẹ láti dúró nìyẹn náà.

Ẹ̀yin ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó wà níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ tó bá dá iṣẹ́ yín dúró fún wákàtí kan nítorí géèjì fò tàbí okùn ń ta wáyà, ẹ má yọ owó rẹ̀, ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ bá a lọ wo ohun tó rí. Tí ẹ bá ní kó so géèjì pa kí iṣẹ́ lè yá, ẹ̀yin lẹ gba ewu náà sọ́rùn, ohun tí a kọ́ ọ níbí sì ni pé kó kọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan wà nínú àpòòwé ìwé ẹ̀rí yín. Irú kébù, ààlà rẹ̀, nọ́ńbà tó ga jù tí géèjì dé àti iye wáyà tó já lára okùn ni ẹ ó máa kọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fa kébù. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ ti bíréèkì. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí okùn fa ohun tó le dáadáa, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti ara dúrọ́ọ̀mù wíńṣì dé ara férémù rẹ̀, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí ìlà ṣọ́ọ̀kì náà bá ti pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má fa kébù kankan lọ́jọ́ náà, ẹ pe ẹni tó ń tún un ṣe. Nọ́ńbà fóònù ilé ẹ̀kọ́ yìí wà lẹ́yìn ìwé náà, ẹ pè wá nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ fi ipá mú yín. Ọ̀gá àgbà ti mú ìwé orúkọ yín lọ́wọ́, ẹ tò síwájú.